"Mo Gbọ́" Kì í Ṣe "Mo Gbà": Ìdájọ́ Àwọn Àgbà Níwájú Kóòtù Ìjọba, Láti Èkó dé Àgbàdo

1. Ìfáárà

Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí kò lè pẹ́ púpọ̀ láyé, nítorí ọ̀rọ̀ náà "kóòtù" tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ni a dá a. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà yanjú aáwọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn àgbà, tí wọ́n ń wá bí àwọn tí ń jà yóò ṣe tún máa bá ara wọn gbé. Ọ̀nà kejì ni ti ìjọba, tí ó ń wá ẹni tí ó jàre. Àwa olùkọ́ mọ ọ̀nà kìíní dunjú. Òun ni a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà tí a bá dé orí ètò ìdájọ́ láyé àtijọ́. Ohun tí a kì í sábà bá wọn sọ ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá pàdé, ìyẹn nígbà tí àwọn àgbà bá ti dá ẹjọ́ tán, tí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn sì kọrí sí kóòtù ìjọba. Ǹjẹ́ kóòtù yóò ka ìdájọ́ àwọn àgbà sí ìdájọ́, àbí yóò bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lákọ̀tun bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. A mú Àgbàdo ní ibùdó ìwòye wa nítorí ibi tí ó wà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Àgbàdo wà, ní ẹnu ààlà pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Èkó gan-an, débi pé orúkọ náà fò ó kọjá, tí a fi rí àgbègbè ìdàgbàsókè Àgbàdo/Òkè-Odò ní apá ti Èkó. Ojú ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni ó wà. Bí Àgbàdo ti rí ni Mówé àti Ìbàfò náà rí ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko lánàá ti di ibi tí ilé fara kọ́ra, ẹjọ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí ilé bá ti ń pọ̀ sí i.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé láti ìgbà ìjọba amúnisìn títí di òní, kóòtù ìjọba kò kọ ìdájọ́ ìbílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á wọlé láìbi í léèrè. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń bi í: ta ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdájọ́ náà? Ṣé ó gbà á? Ilẹ̀ wo ni a ń wí? Kí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ èdè ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá.

2. Ètò ẹjọ́ kí kóòtù tó dé

A kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń lò. Aáwọ̀ inú ilé, ọwọ́ baálé ni ó wà. Bí ó bá ju agbára baálé lọ, a gbé e dé ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò tàbí baálẹ̀. Bí ó bá tún ju ìyẹn lọ, ó di ti ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Ògbóni ni wọ́n di ètò ìdájọ́ ìlú mú. Àwọn Ológun ní agbára tiwọn, àwọn Pàràkòyí sì ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà àti òwò.

Ohun kan ni ó yẹ kí á fi sọ́kàn nínú ètò yìí. Ẹjọ́ dídá àti ìjà píparí kò yà kúrò lára ara wọn. Àwọn àgbà lè sọ pé Lágbájá ni ó jẹ̀bi, kí wọ́n sì tún bẹ Làmọ́rín kí ó fi ìdajì jì í. Wọn kì í kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ojú àwọn tí ó jókòó ni ìwé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní ọlọ́pàá tí yóò mú ìdájọ́ ṣẹ. Ìtìjú, ìbẹ̀rù ilẹ̀, àti pé ènìyàn kò lè dá gbé ni ó ń mú un ṣẹ. Ní ọjọ́ tí ènìyàn bá ti lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tí kóòtù mìíràn sì wà tí ó lè sá tọ̀, agbára ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti dín kù.

3. Èkó àti Ẹ̀gbá: àṣà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àṣà gẹ́gẹ́ bí adájọ́

Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Òfin ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ṣe ní 1876 ni ó la ọ̀nà tí a ń tọ̀ títí di òní. Òfin náà pàṣẹ pé kí kóòtù máa tẹ̀ lé òfin àti àṣà ìbílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀, bí àṣà bẹ́ẹ̀ kò bá ti tako ẹ̀tọ́, òdodo àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún adájọ́ aláwọ̀ funfun ohun tí àṣà wí? Àwọn ìjòyè ni. Wọn kò pè wọ́n wá láti wá dájọ́, ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí a gbọ́ ní Èkó ní 1908, lórí ohun ìní ẹbí, wọ́n pe àwọn ìjòyè Èkó kí wọ́n wá sọ bí àṣà ti rí. Wọ́n jẹ́rìí, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì yẹ ẹ̀rí wọn wò kí ó tó mú èyí tí ó wù ú. Ní 1916, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù sọ nínú ẹjọ́ kan tí ó wá láti ilẹ̀ Gánà òde òní pé a gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́rìí múlẹ̀ ohun tí àṣà jẹ́, títí yóò fi di ohun tí kóòtù ti gbọ́ léraléra débi pé kò tún nílò ẹlẹ́rìí mọ́. Báyìí ni àṣà ilẹ̀ Yorùbá ṣe di àlejò tí ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1893, Gómìnà Carter bá àwọn Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó gbà pé wọ́n dá dúró. Ní 1898 ni a dá ìjọba Ẹ̀gbá alápapọ̀ sílẹ̀ nígbà ayé Aláké Gbadébọ̀ Kìíní. Láìpẹ́, Adégbóyèga Ẹdún di akọ̀wé ìjọba náà. Ìjọba yìí ní kóòtù tirẹ̀, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì wá òǹtẹ̀ Èkó. Bí ó bá jẹ́ pé ní Èkó àṣà jẹ́ ẹlẹ́rìí, ní Abẹ́òkúta adájọ́ ni àṣà jẹ́.

Rélùwéè ni ó so àwọn ìlú méjèèjì pọ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Èkó. Ó gba agbègbè Àgbàdo àti Ìfọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn kí ọdún 1901 tó parí. Ojú irin ń kó ọjà, ó sì ń kó aáwọ̀ pẹ̀lú. Oníṣòwò Èkó tí ó wín Ẹ̀gbá lówó kò fẹ́ kí àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá dá ẹjọ́ òun. Ẹ̀gbá tí ó jẹ gbèsè kò sì fẹ́ dé Èkó. Ní 1904, ìjọba Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ àdéhùn mìíràn, tí ó fi ẹjọ́ ìpànìyàn àti ẹjọ́ tí ó bá kan ẹni tí kì í ṣe Ẹ̀gbá lé kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹjọ́ Ẹ̀gbá sí Ẹ̀gbá nìkan ni ó wá kù sí ọwọ́ wọn.

A gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé kì í ṣe pé wọ́n ní ìdájọ́ Ẹ̀gbá kò dára. Ohun tí wọ́n béèrè ni ẹni tí ó lè dé iwájú rẹ̀. Ìbéèrè kìíní nínú mẹ́ta tí a kà sókè nìyẹn, a ó sì tún pàdé rẹ̀.

4. Láti 1914 sí 1957

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ-ogun ìjọba yìnbọn sí àwọn ará Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta. Olúwo Ìjemọ̀ wà lára àwọn tí ó kú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Lugard fagi lé àdéhùn 1893, òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí ó jáde ní ọdún yẹn kan náà sọ ìdájọ́ ìbílẹ̀ di apá kan iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà náà lọ, ìwé àṣẹ ìjọba ni ó ń sọ ẹni di onídàájọ́, òye rẹ̀ láàárín ìlú kò tó mọ́. Ajẹ́lẹ̀ lè yẹ ìdájọ́ wò, ó lè yí i padà, ó sì lè gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọn kò jẹ́ kí lọ́yà wọ kóòtù wọ̀nyí. Owó orí tuntun, iṣẹ́ àṣefipá àti ìnira àwọn kóòtù tuntun wọ̀nyí wà lára ohun tí ó fa ogun Adùbí ní 1918, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tú ojú irin, tí wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò dá ẹjọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú òun ìyè, kí ó wo ọdún yẹn.

A lè lóye ohun tí Ẹ̀gbá pàdánù bí a bá wo ibi tí irú rẹ̀ kò tíì tán. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé ní ìjọba àti kóòtù tiwọn títí di òní. Nígbà tí ìdájọ́ kóòtù wọn bá dé iwájú kóòtù ìpínlẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó ń dìde: ṣé kí wọ́n tẹ̀ lé e? Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1978 pàṣẹ pé, nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, kí gbogbo ìpínlẹ̀ ka ìdájọ́ àwọn ẹ̀yà sí bí wọ́n ti ń ka ti ìpínlẹ̀ ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan sọ ní 1997 pé ọ̀wọ̀ ni a fi ń gba ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí a ń gba ti ilẹ̀ òkèèrè. Kóòtù yóò wò ó bóyá kóòtù ẹ̀yà náà ní àṣẹ lórí ẹni tí ó dá ẹjọ́ fún, àti bóyá ó gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́ bí ó ti yẹ. Ó súnmọ́ ibi tí Ẹ̀gbá wà láàárín 1893 àti 1914. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà wọ̀nyẹn ṣì ní ìjọba tí ó ń dá ìdájọ́ náà. Àwa ní àwọn àgbà tí wọ́n ń dá a, ṣùgbọ́n ìjọba kò sí lẹ́yìn wọn mọ́.

Àtúnṣe òfin ní 1933 fún àwọn ènìyàn láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti kóòtù ìbílẹ̀ lọ sókè. Ní 1957, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tí ó sọ kóòtù ìbílẹ̀ di kóòtù kọ́sítọ́márì, tí ó pín wọn sí ìpele ìpele. Irú kóòtù yìí ni àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, òun náà sì ni Ìpínlẹ̀ Ògùn jogún nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1976.

Ìdájọ́ kóòtù kọ́sítọ́márì jẹ́ ìdájọ́ kóòtù lójú òfin. Àwọn ilé-ẹjọ́ gíga sì ti fi ìlànà kan lélẹ̀ léraléra pé kí a má ṣe fi ojú ìlànà Gẹ̀ẹ́sì wo àkọsílẹ̀ kóòtù bẹ́ẹ̀; kókó ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n pinnu ni kí a wò, kí a má wo bí wọ́n ti tò ó. Bí ẹni tí ó jàre ní Ìfọ̀ bá fẹ́ gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sá kọjá sí Èkó, òfin kan ti wà láti 1945 tí ó jẹ́ kí a gba ìwé-ẹ̀rí ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ kan, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kejì. Ó gba ìrìn-àjò àti owó, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà.

5. Ìdájọ́ tí kò ní kóòtù

Èyí tí ó le jù ni ti ìdájọ́ tí a dá sí ààfin, sí iwájú ilé baálẹ̀, tàbí sí ìpàdé ẹbí. Ní 1932, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ́ ẹjọ́ Assampong àti Amuaku, tí ó wá láti ilẹ̀ Gánà òde òní. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé bí àwọn tí ń jà bá fẹnu kò láti gbé ọ̀rọ̀ wọn síwájú àwọn àgbà, tí àwọn àgbà sì gbọ́ ọ ní ìlànà ìbílẹ̀, tí wọ́n sì dá a, ìdájọ́ náà de àwọn méjèèjì, kóòtù yóò sì ti í lẹ́yìn. Wọ́n ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ lásán, níbi tí àwọn àgbà kàn ń bẹ̀bẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kóòtù Nàìjíríà fi tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Okpuruwu àti Okpokam, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà. Adájọ́ Uwaifo sọ pé òfin wa kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ ìdájọ́ àwọn àgbà, nítorí pé kóòtù nìkan ni òfin-ìpìlẹ̀ fún ní agbára ìdájọ́. Adájọ́ Oguntade tí wọ́n jọ jókòó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n sọ pé àwọn àgbà kò gba agbára kóòtù; àwọn tí ń jà ni wọ́n fún wọn ní agbára lórí ara wọn.

Nínú ìdájọ́ 1991 yìí àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, bíi ti Egesimba àti Onuzuruike ní 2002, a ka kókó tí a gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn méjèèjì fi tinútinú gbé ọ̀rọ̀ wá. Wọ́n gbà, ní gbangba tàbí nípa ìṣe wọn, pé ohun tí àwọn àgbà bá sọ ni abẹ gé. Àwọn àgbà gbọ́ ọ ní ìlànà àṣà àwọn tí ń jà. Wọ́n dé ìpinnu, wọ́n sì sọ ọ́ jáde. Àwọn méjèèjì sì gba ìpinnu náà nígbà tí a sọ ọ́. Ní 2001 àti 2004, Ilé-Ẹjọ́ náà tún sọ pé bí àwọn tí ń jà bá fẹnu kò pé kí ìbúra ìbílẹ̀ parí ọ̀rọ̀, òun náà lè dè wọ́n.

Ẹni tí ó bá ní ìdájọ́ tí ó kún ojú òṣùwọ̀n yìí lè fi dí ẹnìkejì lẹ́nu ní kóòtù. Kò ní sí pé a tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lákọ̀tun. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, tí kókó kan ṣoṣo yẹ̀, inú òfo ni ìjókòó àwọn àgbà náà bọ́ sí. Òfin ìdájọ́ onílàjà ti 2023 náà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ ni òfin yẹn ń tọ́jú. Ìdájọ́ aláfẹnusọ wà lábẹ́ àṣà nìkan.

6. "Mo gbọ́", "mo gbà", àti "mo gbà fún Ọlọ́run"

Ibí yìí ni iṣẹ́ akọ́mọlédè ti bẹ̀rẹ̀. Kókó tí ó gbẹ̀yìn béèrè pé ṣé olùjẹ́jọ́ gba ìdájọ́. Báwo ni Yorùbá ṣe ń gba ìdájọ́? Bí àwọn àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọlúàbí kì í jágbe mọ́ wọn. Yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò ní, "Mo gbọ́, ẹ ṣé, mo dúpẹ́." Ọ̀wọ̀ ni èyí. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ yín dé etí mi, n kò sì ní tàbùkù yín níbi tí ẹ jókòó sí. Kò túmọ̀ sí pé mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó sọ ọ́ lè lọ sílé lọ ronú, kí ó sì padà wá ní ọjọ́ kẹta pé ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kò sí Yorùbá tí yóò pè é ní òpùrọ́.

"Mo gbà" ni ó súnmọ́ ohun tí kóòtù ń wá, "mo fara mọ́ ọn" sì tún dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n "gbà" náà ní ìdẹkùn. "Mo gbà fún Ọlọ́run" kì í ṣe gbígbà rárá. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ ń sọ pé ẹ ti rẹ́ òun jẹ, òun sì ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí òkè ọ̀run. Bí ògbufọ̀ kóòtù bá túmọ̀ èyí sí Gẹ̀ẹ́sì pé ọkùnrin náà gba ìdájọ́, ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Bàbá wọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa." Ó lè jẹ́ pé bàbá wa fún un tọrẹtọrẹ, ó lè jẹ́ pé ó fi agbára jà á gbà. Gbólóhùn kan náà ni, ọ̀nà méjì tí ó lòdì síra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó fún un ní ilẹ̀": ṣé ó fún un pátápátá ni, àbí ó fún un kí ó máa dáko níbẹ̀? Ilẹ̀ tí a fi dógò, a lè rà á padà nígbàkígbà lábẹ́ àṣà, àní bí ọmọ-ọmọ bá ti jẹ baálé. Bí akọ̀wé kóòtù bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n tà á, ó lọ nìyẹn. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó mú àpẹẹrẹ wá jù. Iṣu mélòó kan tàbí àgbá epo kan tí àtọ̀húnrìnwá ń gbé wá lọ́dọọdún kì í ṣe iye owó tí ilẹ̀ tó. Ẹ̀rí ni pé ó mọ onílẹ̀. Bí ó bá ń san án, tí kò sì hu ìwàkiwà, òun àti ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí. Bí a bá wá pè é ní owó háyà lásán, a ti sọ ẹni tí kò yẹ kí á lé di ẹni tí a lè fún ní ìwé pé kí ó kó jáde.

Ní 2001, nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìwé tí a kọ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí kóòtù tó lò ó. Adájọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá pàápàá kò lè sọ ara rẹ̀ di ògbufọ̀ lórí àga ìdájọ́. Nítorí náà, gbogbo ìdájọ́ àwọn àgbà tí yóò dé kóòtù gíga gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ògbufọ̀ kọjá. Bí èdè ògbufọ̀ bá ti pé tó ni ìdájọ́ náà yóò ṣe pé tó.

7. Pẹ̀rẹ́gún àti pílánì

Ìbéèrè kẹta ni ti ààlà. Ní 1938, nínú ẹjọ́ Baruwa àti Ogunshola, a sọ pé ẹni tí ó bá ń bèèrè ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tí ó ń bèèrè hàn dájúdájú. Ní 1944, nínú ẹjọ́ Kwadzo àti Adjei, a sọ ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ ọ́n: ǹjẹ́ sọ̀fíọ̀ lè fi ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ya pílánì tí ó péye? Àwọn àgbà kì í ya pílánì. Wọ́n ní, "Láti pẹ̀rẹ́gún ìdí ìrókò lọ dé etí odò, kí ó tó yà sí oko Ẹ̀gbọ́n." Gbogbo ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín lójú òkùnkùn. Lẹ́yìn ogún ọdún, a ti gé ìrókò, a ti fi kátakátá hú pẹ̀rẹ́gún, a ti kọ́lé sórí ipa odò, Ẹ̀gbọ́n náà sì ti di ará ọ̀run. Ìdájọ́ wà, àwọn tí ó gbọ́ ọ wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ti sọnù.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Àgbàdo àti Ìfọ̀, ní Mówé àti Ìbàfò, nìyí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi kún ìṣòro náà, nítorí ó pín ẹ̀tọ́ ilẹ̀ sí ti gómìnà àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ó sì pín kóòtù tí ó lè gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di ọdún 2000, nínú ẹjọ́ Adisa àti Oyinwola, kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó là á pé ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà lè gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ abẹ́ àṣà. Wàhálà àwọn ọmọ onílẹ̀ mú kí Èkó àti Ògùn ṣe òfin ní 2016 lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀. Reluwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Àgbàdo. Ọ̀nà reluwéè pupa ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024 náà dé ibẹ̀. Bí ojú irin àkọ́kọ́ ti kó ẹjọ́ gbèsè wá, èyí ń kó ẹjọ́ ilẹ̀ wá, nítorí ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni ilẹ̀ ti ń wọ́n.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé láti 1876, kóòtù ìjọba kò gbé àṣà sọnù, ṣùgbọ́n ó mú un jẹ́rìí kí ó tó gbà á gbọ́. A rí i pé nígbà tí Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ kò nílò òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba náà lọ ní 1914, ìfẹnukò àwọn tí ń jà nìkan ni ó kù tí ó lè fún ìdájọ́ àwọn àgbà ní agbára. Ìfẹnukò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí á yé kọ́ ètò ìdájọ́ ìbílẹ̀ bí ohun tí ó ti kú. Ìdájọ́ 1991 fi hàn pé ó wà láàyè, ó sì lágbára. Nínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kí á dín ìbéèrè tí ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to orúkọ àwọn onídàájọ́ láti baálé dé ọba kù, kí á sì bi í ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ àti ìdájọ́, láàárín "mo gbọ́" àti "mo gbà", láàárín ìṣákọ́lẹ̀ àti owó háyà. Kí a sì fi kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí kún àròkọ tí a ń kọ́ wọn: ọjọ́ tí a jókòó, àwọn tí ó gbé ẹjọ́ wá, gbólóhùn tí wọ́n fi gbà kí àwọn àgbà dá a, ohun tí àwọn àgbà sọ, ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù fi dáhùn gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ ọ́, àti ààlà ilẹ̀ náà pẹ̀lú ohun tí ọkọ̀ kátakátá kò lè hú. Ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì wa ní Àgbàdo lónìí ni wọn yóò pè lọ́la pé kí ó wá bá ẹbí kọ ọ́. Bí ó bá kọ "gbọ́" sí ibi tí "gbà" wà, kò sí lọ́yà tí yóò bá wọn tún un ṣe.